Bí A Ṣe Ń Jẹ Àgbálùmọ̀ Lójú Ọ̀nà, Láti Èkó Títí Dé Àkúrẹ́

Agbádá funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣègbéyàwó ní Àkúrẹ́, a sì ti gbéra l'Ékòó láti ìdájí. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe dá wa dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú àgbálùmọ̀ nínú ọ̀rá. Ó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo na owó jáde, mo gba ọ̀rá wọlé, mo gé ọ̀kan jẹ. Eyín kan mí. Mo ní kí n tún dán èkejì wò, oje funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi nírùngbọ̀n. Mo fi aṣọ ìnujú nù ún, aṣọ ìnujú náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ká tó dé Àkúrẹ́, àmì mẹ́ta ti wà lọ́rùn agbádá. Alágbàfọ̀ méjì ló ti gbìyànjú rẹ̀ látìgbà náà, pàbó ló ń já sí.

Àgbálùmọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo rà á níbi tí kò yẹ, tí mo fi ojú lásán rà á, tí mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láti ọdún náà, mo ti ń lọ mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà yìí ní gbogbo àsìkò àgbálùmọ̀, mo sì ti mọ ọ̀nà tó yẹ kí n máa gbé e gbà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo oṣù

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni àsìkò àgbálùmọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àsìkò náà ní orí, ó sì ní ìrù. Èyí tó bá jáde ṣáájú Kérésì, ẹ fura sí i. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n já láìpọ́n, torí ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà máa ń lówó lórí. Oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ló dára jù, nígbà tí ọyẹ́ ti fẹ́ dáadáa tí èso sì ń já bọ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Google gbé àwòrán àgbálùmọ̀ sójú ìwé rẹ̀. Mo ní ẹni tó mú ọjọ́ yẹn mọ ọjà. Tó bá ti di oṣù Kẹrin tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ máa yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó.

Tí ìrìn-àjò yín bá ṣe é sún, ẹ sún un sí oṣù Kejì.

Ibi tí ẹ máa kọjá, àti ibi tí ẹ máa dúró

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó ní ẹbè-ẹbè ni wọ́n ń gbin àgbálùmọ̀. Inú oko kòkó lẹ ti máa rí i jù. Àgbẹ̀ tó bá ń ṣán igbó láti gbin kòkó máa ń dá igi àgbálùmọ̀ sí, torí pé ó ń ṣíji bo kòkó, èso rẹ̀ sì tún ń mú owó ọbẹ̀ wá nígbà tí owó kòkó bá ti ń tán lọ. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀ kòkó ni àgbálùmọ̀ tí ẹ máa rí ń súnmọ́ ìdí igi rẹ̀. Èyí tó bá dé ọjà Ketu tàbí Mile 12 l'Ékòó ti sùn mọ́jú nínú àpò, wọ́n ti kó o lé ara wọn, wọ́n ti jù ú sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Ó lè dùn o, ṣùgbọ́n oríire ni.

Ẹ má rà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òfin kan ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2003 tó ka ọjà kíkiri lójú títì léèwọ̀, ó sì mú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà: ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ṣé òfin yìí ló ń dá mi dúró? Rárá. Ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé táyà ọkọ̀ nítorí ṣéńjì ni ojú mi ò lè wò mọ́.

Ẹ̀yìn Ìbàdàn ni ìdẹwò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa dé Àṣejírè, ẹja ni tibẹ̀. Ẹ máa dé Ìkirè, dòdò ni tibẹ̀, ẹ rà á. Dòdò Ìkirè tó dúdú bí èédú, tí ata ti wọ̀ lára, tí epo pupa ṣì ń dán lórí rẹ̀, ẹ rà á kí ẹ sì fi sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ méjì tó máa bá wa ṣe níwájú.

Ìgbà tí ẹ bá kọjá Gbọ̀ngán ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú. Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà dé Ìgbàrà-Òkè, ẹ máa rí àwọn ìyá tí wọ́n tò ó sínú abọ́ lórí àpótí, lẹ́bàá ọ̀nà oko. Èmi kì í dúró ní gáréèjì ńlá, torí pé àgbálùmọ̀ ibẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra láti oko oríṣiríṣi. Ẹ wá abúlé kékeré tí ẹni tó ń tà á ti mọ igi tó ti ṣà á. Ẹ pa ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà dáadáa kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ wọ̀, ẹ ti bá dírẹ́bà sọ ọ́ láti gáréèjì, kí ẹ sì fi èrò méjì mìíràn kún ẹ̀bẹ̀ yín. Dírẹ́bà tí kò ní dúró fún ẹnì kan máa dúró fún ẹni mẹ́ta, pàápàá tí ẹ bá ní ẹ máa ra tiẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ranti pé láwọn ibì kan lápá Èkìtì àti Oǹdó, ọsàn ni wọ́n ń pe àgbálùmọ̀. Mo ti bá obìnrin kan jiyàn rí lórí èyí. Mo ní ọsàn kọ́ ni mo fẹ́, ó ní ọsàn ni mo ń wò yìí. Ẹ wo inú abọ́ kí ẹ tó dáhùn.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi rà á

Ìyá kan létí Ìgbàrà-Òkè ló kọ́ mi ní èyí. Mo kí i.

"Ajé á wọ igbá o, Ìyá."

"Àṣẹ, ọmọ mi. Wá rà á, oyin ni."

Mo nawọ́ sí èyí tó pọ́n jù, tó ń dán. Ó gbá mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń yára lọ ni mo ń tà á fún."

Ó yí i padà, ó fi ibi tó ti so mọ́ igi hàn mí. Àwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀ yíká. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, oje funfun sun díẹ̀ bí omi ọmú. "Wọ́n já a ni," ó ní. "Kò tíì fẹ́ kúrò lára ìyá ẹ̀." Ó wá mú òmíràn láti ìsàlẹ̀ abọ́, tí èèpo rẹ̀ ti ń hun díẹ̀, tó ní àmì pẹ́tẹ́-pẹ́tẹ́ bíi tábà lára, tí kò dán rárá. Òun fúnra rẹ̀ kì bá tiẹ̀ ti fi í hàn mí ká ní mi ò dúró kí i. "Èyí bọ́ láàárọ̀ àná. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ẹ. Tèmi nìyẹn tí mo bá délé."

Ohun tí ó fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn ni mo ń tẹ̀lé títí dòní. Ẹ yí èso padà, kí ẹ wo ibi tó ti so mọ́ igi: tí àwọ̀ ewé bá wà níbẹ̀, tàbí tí oje bá ń sun, kò tíì tó. Dídán ara rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Àwọ̀ tí ẹ ń wá ni ti epo pupa tó dì, tó ní àmì tábà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kó rọ̀ díẹ̀ kó sì padà sípò. Èyí tó le bí òkúta máa kan. Èyí tí ìka rì sínú rẹ̀ ti ń rà. Ẹ wò ó yípo bóyá ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Èyí tó sán nígbà tó já bọ́ kò burú tí ẹ bá máa jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èèrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìbéèrè tó níye lórí jù nínú gbogbo ọjà yìí: "Ìyá, ṣé igi kan náà ni gbogbo ẹ̀?" Igi sí igi ni adùn àgbálùmọ̀. Igi méjì lè wà nínú oko kan náà, kí ti ọ̀kan dà bí oyin, kí ti èkejì máa kan títí ayé, bó ti wù kó pọ́n tó. Tí igi kan náà bá ni, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ̀kan wò. Ẹyọ kan yẹn ti sọ ìtàn abọ́ náà tán. Tí wọ́n bá ní igi púpọ̀ ni, ẹ tọ́ méjì mẹ́ta wò láti òkìtì oríṣiríṣi, kí ẹ sì sanwó èyí tí ẹ tọ́.

Òkìtì ni wọ́n ń ta á. Àwọn ńlá máa wà lókè, àwọn kéékèèké á wà nísàlẹ̀. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀. Ẹ ná an, ṣùgbọ́n ẹ má ná an bí ẹni ń ra ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà, ẹ béèrè ènì. Ènì tí wọ́n bá fi tinútinú fún yín ló máa ń dùn jù níbẹ̀, mi ò mọ̀dí ẹ̀.

Ẹni tí ìrìn-àjò rẹ̀ bá kọjá odò Ọya sí ilẹ̀ Ìgbò, ụdara ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú wọn ni kò sì fi àyè gba kí ènìyàn já a lórí igi. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá Ìgbàrà-Òkè ì bá gbádùn òfin yẹn.

Jíjẹ rẹ̀

Ẹ má jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí ẹ sì na ẹsẹ̀ síta. Ẹ tẹ́ táwẹ́lì tàbí ìwé ìròyìn sórí itan. Ẹ má fi ikùn òfìfo jẹ ẹ́, pàápàá ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí dòdò Ìkirè máa ṣe nìyẹn.

Ẹ la píọ̀ wọ́tà kan, kí ẹ fi fọ̀ ọ́ dáadáa. Èyí tó dùn jù, ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣà á, ewúrẹ́ àti adìyẹ sì lè ti kọ́kọ́ kí i kí alágbálùmọ̀ tó dé.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i, kí ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá tú: ó máa ń dà bí ìgbà tí nǹkan yọ́ kúrò lára nǹkan. Ẹ wá fi eyín iwájú dá ihò kékeré sí i ní ìsàlẹ̀, ní òdìkejì ibi tó ti so mọ́ igi, kó má ju orí ìka ọmọdé lọ. Ẹ tu èèpo tó bá wá sẹ́nu yín dànù. Ẹ fi ẹnu bo ihò náà, kí ẹ fún un, kí ẹ sì fà á mu. Dídùn ló máa kọ́kọ́ dé, kíkan á tẹ̀ lé e, nǹkan kan á wá rọra dì yín lọ́nà ọ̀fun. Tó bá jẹ́ kíkan ló ṣáájú, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ mú òmíràn.

Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá tán, ẹ fi ọwọ́ ya á sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìràwọ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gé e ní ìbú: kóró máa ń tó márùn-ún nígbà púpọ̀, wọ́n á tò yíká àárín bí ìtànṣán. Ẹ mú kóró kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, kí ẹ lá ara rẹ̀ mọ́ títí á fi máa yọ̀ bórókótó lórí ahọ́n, kí ẹ tu ú sọ́wọ́. Ẹ má gé e, ẹ má gbé e mì. Ọmọ kékeré ò gbọ́dọ̀ bá yín ṣe apá yìí rárá, ẹ yọ kóró kúrò kí ẹ tó fún un.

Ibi tí àwọn àlejò ti máa ń ṣìnà ni èèpo. Ẹran ara tó lẹ̀ mọ́ èèpo ṣì dùn, ẹ lè fi eyín ìsàlẹ̀ ha á. Ṣùgbọ́n ara èèpo gan-an ni oje pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá ti rí i pé eyín ń fà, pé ètè òkè ń wá ìsàlẹ̀ láti lẹ̀ mọ́, ẹ ti dé ibi tó yẹ kí ẹ dúró. Èyí tí mo rà lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn, èèpo ni mo kọ́kọ́ fi eyín bù tìkà-tẹ̀gbin.

Ṣíńgọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹ kó ẹran ara tí ẹ ti fa omi rẹ̀ tán sẹ́nu, kí ẹ máa jẹ ẹ́ láìgbé mì. Ẹ máa tu èyí tó bá rún dànù, ẹ ṣáà máa jẹ ìyókù. Kò pẹ́ tó máa fi ṣù pọ̀, tó máa fà, tó sì máa funfun. Kò ní adùn kankan mọ́ nígbà yẹn o, ẹ má tanra yín jẹ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ẹni tó bá lè fi tiẹ̀ fẹ́ bàlúùnù ló ń darí gbogbo wa fún ọjọ́ yẹn.

Oje tó bá ti lẹ̀

Omi ò lè ṣí i. Ọṣẹ nìkan ò lè ṣí i. Òróró ló máa ṣí i. Ẹ fi òróró ẹ̀pà, epo pupa tàbí òrí pa ibi tó lẹ̀ mọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi ìwé nù ún, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Irùngbọ̀n máa ń gba sùúrù díẹ̀ sí i.

Ohun tó tún sàn ju ìyẹn lọ ni kí ẹ fi òróró ṣáájú. Ẹni tó bá ti fi òrí tàbí faselíìnì ra ètè àti àyíká ẹnu rẹ̀ kó tó jẹ àgbálùmọ̀, oje ò ní rí ibi dì mú. Iṣẹ́ kejì tí dòdò Ìkirè máa ṣe nìyẹn: ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ má nu ẹnu, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ àgbálùmọ̀ yín.

Aṣọ ni mi ò ní ìdáhùn fún. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, tàbí kí ẹ wọ ańkárá tó ní àwọ̀ púpọ̀.

Kóró àti ìyókù

Ẹ má da kóró sílẹ̀ fún táyà ọkọ̀. Tí àwọn ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, ọmọ ayò mejìdínláàádọ́ta ni ọpọ́n ayò ń gbà, àgbálùmọ̀ mẹ́wàá sì máa ń tó o. A máa ń gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà náà, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, a fi kóró mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ayò ti dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín ni kó tètè gbìn ín, torí pé kóró tó bá gbẹ pẹ́ kì í fẹ́ hù mọ́, kí ó sì mọ̀ pé ọdún púpọ̀ ni igi náà á fi dúró kó tó so.

Èyí tí ẹ bá ń gbé lọ sílé, ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá. Ooru á bò ó, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì á ti máa rùn bí ẹmu tó ti kan. Páálí tó ní ihò lára tàbí agbọ̀n ló yẹ ẹ́, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tò ó ní ìpele kan tàbí méjì péré, kó má sì sí níbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún bẹ́ẹ̀, fíríìjì á jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Àwọn tó ń ti ìgbéyàwó padà sí òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o sínú àpótí. Ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, gbogbo èso ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ gbé dání. Wọ́n á gba èyí tí kò bá bófin mu, ẹni tó bá sì fi pamọ́ lè san owó ìtanràn. Àwọn ará London ń rí i rà ní Peckham tó bá ti tó àsìkò, iye tí wọ́n sì ń ta ẹyọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má sọ ọ́ létí Ìyá Ìgbàrà-Òkè. Ẹni tó bá dé Cuba máa rí ẹbí rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní caimito: ó ní ìràwọ̀ nínú bíi tiwa, èèpo rẹ̀ sì lè jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ṣùgbọ́n kì í kan. Mo mọ àwọn tó ní ó dára ju àgbálùmọ̀ lọ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Kíkan yẹn gan-an ni mo ń lọ sí Àkúrẹ́ fún.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá délé, ẹ ṣí páálí kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti rọ̀ jù, ẹ mú un jáde, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lálẹ́ yẹn.